Ìkòkò Kan Lórí Iná Ìta: Ọbẹ̀ Olówó Pọ́ọ́kú Àwọn Rómà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn Rómà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń se ọbẹ̀, irin tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kọ́ ni kó kọ́kọ́ wò. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ni. Ìdí rẹ̀ mú ṣóṣóró, orí rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi, wọ́n á fi ọwọ́ ìkòkò irin kọ́ ọ, ìkòkò á wá rọ̀ dirodiro lókè ọwọ́ iná. Bí iná bá ń jó jù, wọ́n á yí ọ̀pá náà díẹ̀ kí ìkòkò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọbẹ̀ bá ń fẹ́ iná, wọ́n á yí i padà. Kò sí àdògán, kò sí ààrò olókùúta mẹ́ta. Bí ọlọ́pàá tàbí onílẹ̀ bá dé láàárọ̀ tó ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n á fa ọ̀pá yọ, wọ́n á sọ ọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wọn, ilé ìdáná ti kó nìyẹn.

Àwọn Rómà yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gypsy. Àríwá ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gba Páṣíà àti ilẹ̀ Gíríìkì kọjá, wọ́n sì fọ́n ká gbogbo Yúróòpù. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti wà ní Spéènì ní 1425. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, wọ́n ti dé Skọ́tílándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìjọba ibẹ̀ kò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1530, lábẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, wọ́n ṣòfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò. Ní Spéènì, ní oṣù Keje 1749, ìjọba dìde sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó ọkùnrin lọ́tọ̀, ó kó obìnrin lọ́tọ̀, ó dè wọ́n mọ́lé. Ní Moldavia àti Wallachia, tó wà nínú Ròmáníà òde òní, ẹrú ni wọ́n títí di 1855 àti 1856. Nítorí ọbẹ̀ ni mo ṣe ń sọ gbogbo èyí. Ẹni tí wọ́n lè lé lọ́la kò ní mọ ààrò búrẹ́dì, kò ní kọ́ àká, kò sì ní ra ìkòkò mẹ́fà. Ìkòkò kan ṣoṣo ló máa ní, ohun tó bá sì rí lóòjọ́ ni yóò bọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ báyìí tán, wọ́n sì rò pé ọbẹ̀ tálákà ni ká da gbogbo nǹkan pọ̀ mọ́ra, ká bomi sí i, ká lọ sùn. Irọ́ ni. Ọbẹ̀ tí ẹran kún inú rẹ̀ lè fara da ọwọ́ àìbìkítà, torí adùn ẹran á bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Èyí tí ẹran rẹ̀ kò tó nǹkan ni kò gba gbẹ̀rẹ́. Nínú ìkòkò Rómà, ètò ló ń ṣe iṣẹ́ tí owó ì bá ṣe: kí ló kọ́kọ́ wọlé, kí ló tẹ̀lé e, báwo sì ni ti àkọ́kọ́ ṣe máa pẹ́ tó kí èkejì tó bá a.

Ẹ jẹ́ ká mú Joe Grey, ọbẹ̀ tí wọ́n mọ àwọn Rómà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ jù. Béékìnnì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ, tí wọ́n tún máa ń fi èéfín gbẹ nígbà mìíràn. Kò sí fíríìjì nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Ẹran tútù á bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n béékìnnì tó gba iyọ̀ dáadáa lè wà lórí ìkọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó gbé ọ̀rá tirẹ̀ wá, ó gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá, nítorí náà nǹkan mẹ́ta ni ẹni tó rà á rà. Títí di òní, àwọn ilé ìtajà ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń di àwọn ègé béékìnnì tí kò gún régé pọ̀, wọ́n á tà á ní owó tó kéré gan-an sí èyí tí wọ́n gé pẹlẹbẹ tó dọ́gba. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham tàbí Thamesmead ní Lọ́ńdọ́nù yóò rí i nínú fíríìjì ilé ìtajà bí wọ́n bá wo ìsàlẹ̀.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ gé 200 gíráàmù béékìnnì wẹ́wẹ́. Ẹ kó o sínú ìkòkò tó tutù kí ẹ tó gbé e ka iná tí kò le. Bí ìkòkò bá ti gbóná ṣáájú, ara ẹran á sun kíá, ọ̀rá á sì há sínú. Nínú ìkòkò tútù, ọ̀rá á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ títí ẹran á fi máa dín nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Ọ̀rá yìí la ó fi se ohun gbogbo tó kù. A kò ra òróró. Bí ó bá ti pọ́n, ẹ kó sọ́séèjì mẹ́fà sí i kí ara tiwọn náà pọ́n, kí ẹ wá kó gbogbo ẹran jáde sínú abọ́. Àlùbọ́sà ńlá méjì tí a gé ló kàn. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kí ó dùn, kí etí rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú 15 kò pọ̀ jù fún un. Àwọn tó ń kánjú máa ń fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á wá máa wá Maggi kiri.

Tòmátì mẹ́rin tẹ̀lé àlùbọ́sà. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa nínú ọ̀rá, bí a ti ń dín ata ọbẹ̀ tiwa, kí ẹ sì fi orógùn ha ohun pupa tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí adùn ẹran tí a kó jáde wà níbẹ̀. Ẹ má fi tòmátì kún un o. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí pòtétò tètè rọ̀, pòtétò sì ni ọbẹ̀ yìí. Kílò kan la ó lò. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kí ẹ gé ìyókù gbàǹgbà gbàǹgbà. Àwọn tín-ín-rín á yọ́ sínú omi, wọ́n á mú ọbẹ̀ ki. Àwọn gbàǹgbà á dúró fún eyín. Ẹni tó bá gé gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà yóò rí ọ̀kan nínú méjì: omi ṣooro tí pòtétò ń léfòó nínú rẹ̀, tàbí àṣáró. Ẹ dá ẹran padà, ẹ bu omi kí ó kàn bo pòtétò, ẹ dé e, kí ó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ ló kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ ọ wò.

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwọn kan máa ń fi kíndìnrín sí i, òun lè bá pòtétò wọlé. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀dọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ dé, kó má baà le. Mùsùlùmí tó ń ka èyí kò ní láti pa á tì. Ní Šuto Orizari, àdúgbò kan ní Skopje tó jẹ́ olú ìlú Àríwá Masidóníà, àwọn Rómà pọ̀ ju gbogbo ẹ̀yà yòókù lọ, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹlẹ́dẹ̀ kì í sì í dé ìkòkò wọn. Ẹran màlúù gbígbẹ tó ní èéfín lára yóò ṣe iṣẹ́ béékìnnì, bí a bá ti fún un ní òróró díẹ̀, nítorí kò ní ọ̀rá tí yóò yọ́.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn Rómà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ra pòtétò náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Rómà ló wà lára àwọn tó ń bá àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kórè: ẹ̀wà píìsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso igi ní àfonífojì Evesham, hóòpù tí wọ́n fi ń pọn bíà ní Kent nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn náà pòtétò. Tọkọtaya àtọmọ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí wọ́n bá ń kó lóko lọ́sẹ̀ yẹn ló ń wọ ọbẹ̀ lálẹ́. Etí ọ̀nà náà ní tirẹ̀: ewé kan tó ń jóni lára bí èsìsì, tí oró rẹ̀ máa ń lọ bí iná bá ti kàn án, aáyù igbó, tó máa ń hù nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, olú, fún ẹni tó mọ èyí tí kì í pani. Bí òjò bá sì lé wọn wọlé, sítóòfù irin kékeré wà nínú ọkọ̀. Apá ọ̀tún ọkọ̀ ni ihò èéfín rẹ̀ máa ń yọ sí, nítorí apá òsì ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka igi etí ọ̀nà ì bá sì máa gbá ihò náà dànù. Àwọn tó kan ọkọ̀ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ehoro ni ẹran ọ̀fẹ́ ìgbà yẹn. Ajá ọdẹ àti àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú un. Ẹran rẹ̀ kò lọ́ọ̀rá rárá, ìdí nìyẹn tí béékìnnì fi tún gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ ìkòkò. Wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ló sì ń gbà kó tó rọ̀, nítorí náà kò sí bí pòtétò ṣe lè bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láìdi ẹ̀kọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìwé pín ẹran fún aráàlú láti 1940, ehoro kò sí lára ohun tí wọ́n ń pín, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mú jẹun yó. Àrùn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ní 1953, myxomatosis wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kent gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Láàárín ọdún méjì, ó ti pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ehoro orílẹ̀-èdè náà. Ojú ehoro tó ní àrùn náà máa ń wú, ó ń ṣọyún, ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí i kò sì lè fi ehoro sẹ́nu mọ́. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó sọ béékìnnì àti sọ́séèjì di ọ̀gá ìkòkò.

Bí a bá sọdá sí gúúsù ìlà-oòrùn Spéènì, béékìnnì á pòórá, ẹ̀wà á sì gba ipò rẹ̀. Olla gitana ni ọbẹ̀ tí mo ní lọ́kàn. Murcia àti Almería ló ti gbajúmọ̀, gbogbo ará ibẹ̀ ló sì ń sè é lónìí, àti Gitano, bí wọ́n ṣe ń pe Rómà Spéènì, àti ẹni tí kì í ṣe Gitano. Kò sí ẹran nínú rẹ̀. Ẹ̀wà garbanzo, tó rí roboto tó sì le ju ẹ̀wà tiwa lọ, ni ìpìlẹ̀. Elégédé wà níbẹ̀, ẹ̀wà tútù inú èèpo, pòtétò, tòmátì, àlùbọ́sà, ewé míntì, àti èso píà. Kí ẹnikẹ́ni má lọ gé píà tiwa tó lọ́ọ̀rá sí i o! Píà ti Yúróòpù ni, tó dùn, tó jọ ápù. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu pé èso dídùn wọ inú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò tí kò lẹ́ran, òun àti elégédé ló ń fún omi ọbẹ̀ lára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Joe Grey lọ, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan.

Níbí, ètò tún le sí i. Ẹ rẹ ẹ̀wà náà mọ́jú. Omi gbígbóná ni àwọn ará Spéènì fi ń gbé e kaná, wọn kì í sì í da omi tútù lé e lórí bó bá ti ń hó. Kí ó rọ̀ dénú kí tòmátì tó fojú kàn án, nítorí kíkan máa ń mú kí ara ẹ̀wà dì mọ́ra: ẹ fi tòmátì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lè sè é di ọ̀gànjọ́, yóò ṣì máa dún lẹ́nu. Àwọn ìyá wa tó ń fi kán-ún se ẹ̀wà mọ òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí, torí kán-ún ń tú ohun tí kíkan ń dì. Àwọn ará Spéènì kì í lo kán-ún, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa ń fọ́n sódà díẹ̀ sínú omi tí wọ́n fi rẹ garbanzo, iṣẹ́ kan náà sì ni.

Bí ẹ̀wà bá ti rọ̀, ẹ kó ẹ̀wà tútù tí ẹ ti gé sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà pòtétò, lẹ́yìn náà elégédé àti píà tí wọ́n tètè ń yọ́. Nínú páànù kékeré, ẹ fi òróró ólífì dín àlùbọ́sà àti tòmátì títí yóò fi gbẹ. Ẹ gbé páànù kúrò lórí iná pátápátá kí ẹ tó bu ata pupa lílọ̀ sí i, èyí tí kò ta, tó súnmọ́ tàtàṣé gbígbẹ, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ẹ̀wà kíá. Ṣúgà wà nínú ata náà, ó máa ń jóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì máa ń korò tí ohunkóhun kò ní lè tún un ṣe. Àwọn Rómà Họ́ńgárì tó ń fi ọ̀rá, àlùbọ́sà, ata yìí kan náà àti pòtétò se ọbẹ̀ nínú ìkòkò tó rọ̀ lókè iná ìta mọ òfin yìí bí orúkọ wọn: ìkòkò á kúrò lórí iná, ata á wọlé, omi á tẹ̀lé e kíá, ìkòkò á padà. Bodag, àkàrà pẹlẹbẹ tí kò ní ìwúkàrà, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Láti parí olla, ẹ dín ègé búrẹ́dì kan, aáyù méjì àti álímọ́ńdì bíi mélòó kan, ẹ gún wọn pọ̀ nínú odó kékeré pẹ̀lú sáfúrónì, ẹ fi omi ọbẹ̀ pò ó, ẹ dà á padà. Búrẹ́dì tó ti le lánàá ló ń mú ọbẹ̀ yìí ki. Míntì wọlé ní ìkẹyìn, pẹ̀lú ṣíbí kékeré fíníga kan. Ẹbí kan náà ni míntì àti efinrin. Ẹni tí kò bá rí míntì lè fi ewé efinrin méjì péré dánwò, nítorí òórùn tirẹ̀ ń pàṣẹ.

Ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn Gitano ti ṣe ju kí ó yó èèyàn lọ. Ní Utrera, nítòsí Seville, ní 1957, ẹgbẹ́ ìjọ Kátólíìkì àwọn Gitano ìlú náà pe ara wọn jọ sídìí ìkòkò ẹ̀wà, orin sì bẹ̀rẹ̀. Potaje Gitano, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà Gitano, ni wọ́n ń pe àjọ̀dún orin flamenco tó ti ibẹ̀ yọ. Ọdọọdún ni àwọn olórin ń kọrin níbẹ̀, ẹ̀wà sì ni orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ohun kan wà tí ìwé oúnjẹ kì í sọ, tí ẹni tó bá jẹun ní ilé Rómà yóò sì tètè rí. Abọ́ tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò àti àwo kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ, kò gbọ́dọ̀ kan ara. Abọ́ aṣọ lọ́tọ̀, abọ́ ìwẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fọ aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná pọ̀ mọ́ ṣòkòtò, aṣọ náà ti di ẹ̀gbin, àjùdànù ni. Mokadi ni àwọn Rómà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ohun tó ń wọ inú ara gbọ́dọ̀ jìnnà sí ohun tó ń ti ara jáde, èèwọ̀ ni, ó sì ju ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti omi lọ. Judith Okely, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá tó gbé láàárín wọn tó sì tẹ ìwé *The Traveller-Gypsies* jáde ní 1983, fi èyí ṣàlàyé ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ òyìnbó lójú: wọ́n kórìíra ológbò, torí ó ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀, irun ìta sì ń wọnú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí òyìnbó ń pè ní hedgehog mọ́ lójú wọn, torí wọ́n gbà pé ẹ̀gún kò jẹ́ kí ó lè lá ara. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ nígbà kan, kí òfin tó dáàbò bò ó ní 1981. Ẹni tí ń bú wọn pé wọ́n dọ̀tí nítorí pé ìta ni wọ́n ti ń dáná kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè jẹun ní ilé tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ nínú síǹkì kan náà.

Iná ìta ti dínkù. Òfin 1968 ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ilẹ̀ tí àwọn Rómà yóò máa gbé. Òfin 1994 yọ ọ̀ranyàn náà kúrò. Inú ilé oníbíríkì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé báyìí, gáàsì ni wọ́n sì ń lò. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹfà, tí wọ́n bá pàdé ní ọjà ẹṣin Appleby ní Cumbria, ọ̀pá irin máa ń jáde, ìkòkò á sì tún rọ̀ lókè iná igi.

Joe Grey kì í tán lọ́jọ́ tí a sè é, kò sì yẹ kó tán. Lọ́jọ́ kejì yóò ti ki jù. Ẹ bu omi ife kan tàbí méjì sí i, kí ó hó. Ẹ po 100 gíráàmù ìyẹ̀fun oníwúkàrà mọ́ 50 gíráàmù ọ̀rá màlúù tí ẹ ti rẹ́ wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí i àti omi tó kàn lè mú un dì mọ́ra, ẹ ṣù ú bí ẹyin adìẹ kéékèèké, ẹ tò ó lé ọbẹ̀ lórí, ẹ dé e pa. Ooru ló ń sè é, kì í ṣe omi. Ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tó ṣí ìdérí wò lágbedeméjì, ìyẹ̀fun gbagidi ni yóò jẹ.